A Yàgò fún Gbodo Títí Dé Ìsẹ́yìn

Họ́sítẹ́lì Àwọn Obìnrin,
Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ Ìrètíayọ̀,
Ọ̀nà Ìgbòho,
Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, Oṣù Èrèlé, 2025.

Sodiqat, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọ̀wọ́n,

Salamọ̀ àlékúmù. Báwo ni Ìlọrin? Báwo ni ọyẹ́ ibẹ̀, ṣé kò tíì la ètè rẹ bó ṣe la tèmi? Ṣé ara le, ṣé oúnjẹ ń wọlé, ṣé àwọn ọ̀gá nọ́ọ̀sì yín ń jẹ́ kí ẹ fojú kan oorun? Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́, èyí tó máa ń hanrun? Bí kò bá tíì ṣíwọ́, fi òwú dí etí, kó o sì máa ṣe sùúrù. Èmi tí mo bá ọ sun orí ẹní kan náà fún ọdún púpọ̀ mọ̀ pé ìwọ gan-an kì í sùn jẹ́ẹ́.

Nílé níbí, a dúpẹ́, kò séwu. Ìyá mi ní kí n kí ọ dáadáa. Bùọ̀dá Wàhábì ti tún ọ̀kadà wọn ṣe, wọ́n sì ti padà sí ẹnu iṣẹ́. Ìyá rẹ wà digbí, ohùn wọn ṣì ń dún dé òpópónà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ló tilẹ̀ pọ̀ jù nínú lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti pè ọ́ lórí fóònù, wọ́n á sì ti sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, ṣùgbọ́n káàdì kì í jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ dé ibi tó dùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́, kí n lè fi rán awakọ̀ tó ń kó èlùbọ́ bọ̀ ní Ìlọrin lọ́la.

Mo ti sọ fún ọ pé mo ti wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé n kò ga, ṣùgbọ́n mo yára. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, àwa méje péré la sì fi orúkọ sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì ni kóòṣì wa. Iṣẹ́ olùkọ́ yìí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe láyé, wọn kì í sì í bọ́ fèrè lọ́rùn, àní bí wọ́n bá ń jẹun. Débọ́lá láti Ṣakí ni olórí wa. Ó mọ bọ́ọ̀lù gbá ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ẹni tó ga jù láàárín wa ni Ramlah, ọmọ Ìpàpó. Ọmọ náà ga débi pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó gba abẹ́ okùn tí a ń sá aṣọ sí kọjá. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì ní ìjà kankan lára.

Pápá tí a ń lò, o mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni, ibi tí ìyá rẹ ti ń rán ọ kí o wá yí gbodo láti kékeré. Kò sí ilẹ̀ mìíràn tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí wọ́n bá ti bó iṣu tí wọ́n sì ti bọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni ìyá rẹ, Ìyá Wàhábì tí gbogbo àdúgbò mọ̀, àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn ń sá a sí, títí yóò fi gbẹ dé ibi tí wọ́n lè gún un di èlùbọ́. Ohun tí o ò mọ̀ ni bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín rẹ̀. Bó o bá kọjú sí irin apẹ̀rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀nà, gbodo ló kún gbogbo apá òsì rẹ, láti àárín pápá títí dé igun. Apá ọ̀tún ni tiwa. Ibẹ̀ la ti kọ́ gbogbo ohun tí a mọ̀.

Òfin sì wà, ìyá rẹ ló sì ṣe é. Bí bọ́ọ̀lù bá yí wọ inú gbodo, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré wọ̀ ọ́. A ó dúró létí ibẹ̀, a ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, a ó sì wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà,” títí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà á fi ráyè gbé bọ́ọ̀lù fún wa. Bí inú Ìyá Wàhábì kò bá dùn lọ́jọ́ náà, wọ́n á fi bọ́ọ̀lù ṣe àpótí, wọ́n á jókòó lé e lórí títí wọ́n á fi kó gbodo wọn tán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti fi ojú ara wa rí i pé bọ́ọ̀lù náà lè gbé àgbàlagbà.

Ọjọ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a gbéra lọ sí Ìsẹ́yìn láti lọ bá àwọn obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbẹ̀ figagbága. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ló gbé wa. Orin la ń kọ láti ilé dé Ọ̀tu, eruku sì ti sọ gbogbo wa di aláwọ̀ kan náà. Nígbà tí a dé Ìpàpó, ìyá Ramlah ti dúró dè wá lẹ́bàá títì pẹ̀lú ẹ̀pà sísè. Wọ́n wúre fún wa, wọ́n sì ń fi ọmọ wọn han àwọn tó ń kọjá lọ. Débọ́lá ti ń sọ iye tí a máa fi na àwọn ará Ìsẹ́yìn.

Sodiqat, ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Pápá wọn mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ju ìlà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun fà lọ. A kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àní àwa la kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kóòṣì wọn, obìnrin kan tó wọ awò ojú, pe àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí wọn létí, gbogbo wọn sì ṣù mọ́ apá ọ̀tún wa. Wọ́n fi apá òsì sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó débẹ̀. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí eré gbé Débọ́lá lọ sí ìhà ibẹ̀, ló bá kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ, ó fò bí ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà, ó sì padà sí ọ̀tún. Àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. Èmi wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà náà nítorí pé ọrùn ẹsẹ̀ mi ti yí, mo sì rò pé nǹkan ló gún Débọ́lá lẹ́sẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Ramlah, ó ń yí jẹ́jẹ́ lọ sí apá òsì. Kò tíì jáde o, ẹnikẹ́ni ló lè mú un. Ramlah tẹ̀ lé e díẹ̀, ó dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà.” Àwọn yòókù náà dúró, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ga jù ni gbogbo ayé rí. Ọmọ Ìsẹ́yìn kan tí kò ga jù mí lọ gbé bọ́ọ̀lù náà, ó sáré kọjá níwájú wọn, ó sì jù ú sí apẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Ramlah bá ti fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, àwọn òǹwòran á máa kọ “Ẹ jọ̀ọ́ mà” lórin. Mọ́kànléláàádọ́ta sí mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi nà wá.

Bí a ti ń padà bọ̀, gbogbo wa kọjú sí fèrèsé títí a fi jáde nílùú. Ìgbà náà ni Débọ́lá la ẹnu. Ó ní kí ni gíga wúlò fún bí èèyàn ò bá lè tẹ̀ríba mú bọ́ọ̀lù nílẹ̀. Àwọn yòókù náà bá a dá sí i. Bó o bá gbọ́ ọ, wàá rò pé Ramlah nìkan ló lọ sí Ìsẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé ó bẹ awakọ̀ pé kó má dúró ní Ìpàpó. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, Kóòṣì Ayọ̀dèjì bá jẹ́sì Ramlah lórí tábìlì wọn, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó sì ti ká a dáadáa. Wọ́n wá a lọ, wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò bínú sí ẹnikẹ́ni. “Ẹ jẹ́ n lọ jókòó síbi tí gíga mi ò ti ní dí ẹnikẹ́ni lójú, sà,” ni ó wí. Ọ̀rọ̀ náà wá di ńlá, nítorí pé Ọpẹ́, ọ̀kan nínú wa, ti lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ẹsẹ̀ tèmi wú, bí Ramlah bá sì lọ, ó ku èèyàn mẹ́rin. Èèyàn mẹ́rin kò lè bẹ̀rẹ̀ eré. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé ni àwọn ará Ìsẹ́yìn máa wá bá wa gbá tiwọn nílé, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti wí pé bí a kò bá lè kó èèyàn márùn-ún jáde lọ́jọ́ náà, kí a gbàgbé ẹgbẹ́ obìnrin pátápátá. Yóò wá dà bí ẹni pé a kò gbá bọ́ọ̀lù rí.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni ọ̀nà là, láìròtẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn lọ síbi ìgbéyàwó nìkáì ọmọ ẹnì kan nínú wọn ní Agó-Àmọ̀dù, wọn kò sá gbodo rárá. Pápá ṣófo. Àwọn mẹ́rin tó kù ń gbá bọ́ọ̀lù, Kóòṣì ṣe ìkarùn-ún wọn, èmi jókòó, mo na ẹsẹ̀ mi tí wọ́n fi aṣọ dì sórí òkúta. Mo ń wò wọ́n. Mo rí i pé gbogbo wọn ń sáré yí ibi kan po. Bọ́ọ̀lù yí lọ sí apá òsì, Débọ́lá sáré tẹ̀ lé e, ó dúró gbọnrangandan, ọwọ́ rẹ̀ sì rìn lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Kò sí gbodo níbẹ̀, kò sí obìnrin kankan níbẹ̀, ilẹ̀ lásán ni. Ẹ̀rín tó gbé mi lọ́jọ́ náà, mo rò pé màá kú. Nígbà tí mo rí ohùn sọ ọ́, Kóòṣì fọn fèrè, wọ́n ní kí gbogbo wọn dúró síbi tí wọ́n wà, wọ́n sì wo ilẹ̀. Apá ọ̀tún ni gbogbo wọn wà, tòun ti Kóòṣì fúnra wọn.

Ojú ti Débọ́lá. Kí n sọ tòótọ́, ó sáré lọ sí họ́sítẹ́lì kí ẹnikẹ́ni tó rán an, ó kúnlẹ̀ fún Ramlah níwájú gbogbo èèyàn, ó sì bẹ̀ ẹ́ títí ó fi tẹ̀ lé wa wá sí pápá. A tún eré náà ṣe lójú rẹ̀. Ramlah fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sunkún díẹ̀, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́n jù wá lọ. Ó ní òun ti rí i, àmọ́ lọ́la wọ́n á tún sá gbodo, ẹsẹ̀ wa á sì tún padà sídìí ìwà rẹ̀. Ó ní bí a bá lè bá Ìyá Wàhábì sọ ọ́, òun á padà. Gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní èmi ni ọmọ àbúrò wọn.

Ìwọ náà mọ ìyá rẹ. Títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fi ń gbàdúrà. A bá wọn níbi tí wọ́n ti ń yí gbodo, gbogbo wa kúnlẹ̀, Kóòṣì dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, fèrè wọn sì ń wọ́ nílẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá wa wá ibòmíràn sá gbodo. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tó ri irin wa mọ́lẹ̀ ni ìyá àwọn ti ń sá gbodo níbẹ̀, oòrùn kì í sì í dúró de ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn obìnrin yòókù ń mi orí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ni mo bá ró gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìsẹ́yìn fún wọn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí wọn. Àfi bí wọ́n ṣe dákẹ́ lójijì, tí wọ́n ní kí ẹni tó sọ “Ẹ jọ̀ọ́ mà” láàárín ìlú onílùú bọ́ síwájú. Ramlah dìde, wọ́n gbé ojú sókè wò ó.

“Ṣé ìbẹ̀rù mi lo gbé dé Ìsẹ́yìn?”

Ramlah ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ìyá rẹ mú gbodo kan, wọ́n ń gbọn eruku rẹ̀ nù. Wọ́n ní àwọn ò lè kúrò lórí ilẹ̀ náà, nítorí oúnjẹ ọ̀pọ̀ ilé ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn á máa pààrọ̀ ibi tí àwọn ń sá a sí, bó bá wà lósì lónìí, kó wà lọ́tùn-ún lọ́la, kí ẹsẹ̀ wa má bàa mọ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe òfin tuntun. “Bọ́ọ̀lù tó bá wọ inú gbodo, ẹ sáré wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dúró kó ọwọ́ sẹ́yìn, òun ló máa gún gbodo lọ́jọ́ náà.” Nígbà tí Kóòṣì béèrè pé bí a bá wá tẹ gbodo fọ́ ńkọ́, ìyá rẹ ní kí wọ́n má dààmú, ọ̀nà odó náà ni gbodo ń lọ.

Ramlah wọ jẹ́sì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Sodiqat, a gún gbodo. Débọ́lá ló kọ́kọ́ gún un, ọwọ́ rẹ̀ sì bó. Lọ́jọ́ kejì, Kóòṣì Ayọ̀dèjì dúró wo bọ́ọ̀lù, àwọn obìnrin náà kò sì ka ipò sí, wọ́n gbé ọmọ odó lé wọn lọ́wọ́. Gbogbo ọmọ kíláàsì wọn ló wá wò wọ́n. Èmi ni mo ń fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́, àfi ìgbà tí ẹsẹ̀ mi san tí mo padà sórí pápá, tí mo dúró bí òpó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá rẹ ní ti ẹbí kò sí nínú òfin. Apá ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ìwà kì í tètè fi ara sílẹ̀, ṣùgbọ́n odó kò jẹ́ kó pẹ́.

Àná ni àwọn ará Ìsẹ́yìn dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ìyá rẹ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti gbá pápá mọ́ féfé, wọn kò sá ẹyọ gbodo kan. Wọ́n wá jókòó lẹ́bàá pápá bí ìyàwó tuntun. Kóòṣì obìnrin tó wọ awò ojú náà tún kó àwọn ọmọ rẹ̀ sí apá ọ̀tún wa, Débọ́lá sì gba òsì kọjá lára wọn, ó fi bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀. Ariwo tí àwọn obìnrin yẹn pa, mo rò pé ẹ gbọ́ ọ ní Ìlọrin. Ìyá rẹ tí kò mọ òfin eré náà rárá ń bá rẹfirí jà.

A jọ ń lé ara wa bọ̀ títí eré fi fẹ́ parí. Wọ́n fi àmì kan ṣoṣo ṣáájú wa. Bọ́ọ̀lù bọ́, ó ń yí lọ, Ramlah sì fò lé e mọ́lẹ̀ tòun ti gíga rẹ̀, ó fi ìgúnpá wọ́ sìmẹ́ńtì, ó dìde pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ó sì jù ú. Ó bà létí irin. Ó yí po, ó tún yí po, ó sì já bọ́ síta. Rẹfirí fọn fèrè. Wọ́n tún nà wá, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sí méjìlélọ́gbọ̀n.

Ramlah dúró sí àárín, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní ìgúnpá rẹ̀, ojú gbogbo èèyàn wà lára rẹ̀, ohun tó sì bà á lẹ́rù jù nínú ayé nìyẹn. Mo rí Débọ́lá tó la ẹnu bíi ti inú bọ́ọ̀sì ọjọ́sí, ṣùgbọ́n ó pa á dé, ó lọ dúró tì í. Èmi náà lọ. Àwa yòókù lọ, a sì dúró yí i ká. Ramlah wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ó gbé e tọ Kóòṣì lọ, ó sì bi wọ́n pé, “Sà, ọjọ́ wo la tún máa lọ bá wọn ní Ìsẹ́yìn?”

Kóòṣì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Wọ́n ní eruku ló wọ àwọn lójú.

Bá mi kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ gbogbo, kí o sì kí ẹni tó ń hanrun náà. Ìyá mi ní kí o má gbàgbé ìrun nítorí iṣẹ́ alẹ́. Bí ìyá rẹ bá pè, tí wọ́n sọ fún ọ pé a kì bá pàdánù ká ní rẹfirí ń gbọ́ràn, ṣáà ti máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí Ọlọ́run Ọba ṣọ́ ọ fún wa, kó sì jẹ́ ká fi ayọ̀ rí ara wa nígbà ààwẹ̀.

Èmi ni tìrẹ tí apá ń dùn, tí inú sì ń dùn,

Misturat.